Òórùn Tí Àgbọ̀nrín Kò Fẹ́

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Karùn-ún
Àgbọ̀nrín tún wọlé láàárọ̀ yìí. Ó jẹ gbogbo orí òdòdó róòsì Ìyàwó wa, ó fi igi ẹlẹ́gùn-ún sílẹ̀ — bí ẹni jẹ ẹja tó ṣẹ́ egungun kù. Ẹ̀gbọ́n mi lérí pé òun á pe ọdẹ. Ìyàwó rẹ̀ ò tiẹ̀ bínú. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Látìgbà tí oyún rẹ̀ kejì ti bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá, róòsì yẹn nìkan ló ń mú un jáde síta. Ó sọ fún mi pé, "Adúmáadán, ẹ fi sílẹ̀. Nǹkan tí mo bá gbìn kì í dúró."
Mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ọjọ́rú, 8
Lọ́dọ̀ ìyá olódòdó. Ó ní imú àgbọ̀nrín ni kí n bá jà: ohun tí òórùn rẹ̀ bá le, kò ní sún mọ́ ọn. Mo nawọ́ sí òdòdó pupa kan. "Ìyẹn? Ṣúgà ni lẹ́nu ẹ̀!" Mo mú ẹfinrin, koríko ọba, àlùbọ́sà eléwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Mo gbìn wọ́n yí róòsì ká. Ìyàwó wa káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò mí. "Ṣé ọgbà nìyí, àbí ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè?" Ó rẹ́rìn-ín! Ó bá mi bomi rin wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Ẹlẹ́sẹ̀-tẹ́ẹ́rẹ́ (orúkọ tí mo sọ àgbọ̀nrín) dé, ó gbóòórùn, ó sín, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 24
Róòsì ti rúwé tuntun. Ìyàwó wa ń kọrin fún un — kò mọ̀ pé mo wà nítòsí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28
Ìyàwó wa ti wíńdò rẹ̀ tó wà lókè róòsì pa. Òórùn ẹfinrin yẹn ti pọ̀ jù, ó ní. Nígbà tó yá mo bá a lẹ́yìn táǹkì omi, ó ń bì. "Oorun ni ò tó mi." Obìnrin tó máa ń já ewé àlùbọ́sà jẹ lásán! Ẹ̀gbọ́n mi ò fura — ọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀ ló gbà á lọ́kàn. Inú mi ń dùn, àyà mi ń já.

Ọjọ́rú, 29
Bí mo bá hú àwọn ewé olóòórùn yẹn, róòsì á lọ. Bí mi ò bá hú wọn, Ìyàwó wa ò ní lè mí.
Mo hú gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30
Ẹlẹ́sẹ̀-tẹ́ẹ́rẹ́ ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ewé tuntun ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ìgbálẹ̀, ó ku díẹ̀ kí n sọ ọ́ lù ú. Ìyàwó wa ti ojú wíńdò nawọ́, ó di apá mi mú.
"Ẹ jẹ́ kó jẹun jàre. Ta ló mọ̀ bóun náà jẹ́ abara méjì."
Òun náà.
Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.