Ìyá Wa Kò Fẹ́ Jáde Nínú Ilé Koríko

Agbo Ilé Wa,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 1912.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Gàfárù,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera l'Ékòó, ẹ̀yin pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ. Èmi Kúbúrá ni mò ń sọ̀rọ̀. Tíṣà Japheth ni wọ́n ń bá mi kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ń kọsẹ̀, ẹ má bú Tíṣà, ẹnu mi ló ń gbọ̀n.

Iná ti jó agbo ilé wa. Ní Àlàmísì tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Àílà, atẹ́gùn ọyẹ́ gbé iná láti ìdí ààrò Àtọ́kẹ́ sórí òrùlé. Ẹ sáà mọ̀ pé koríko orí ilé wa so kọ́ra láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kí a tó ké "Iná o!", yàrá mẹ́jọ ti lọ.

Ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ nítorí ogun ni gbogbo wa rọ́ sí. Ogun ti tán, òyìnbó ti dé, ẹnu-ọ̀nà kò pé méjì! Àpótí aṣọ Sẹ̀gilọlá há síbẹ̀, ó ní òun kò ní fi í sílẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ fọ́ ọ, mi ò sì tíì bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a ka ara wa níta, Ìyá wa kò sí níbẹ̀. Mo sá padà. Wọ́n jókòó sórí ẹní tákàbà tí wọ́n ń ṣe láti ìgbà tí Bàbá ti kú, èéfín ti kún yàrá. Mo ní, "Ìyá, iná!" Wọ́n ní, "Mo rí i. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bàbá rẹ kò tíì pé." Mo pọ̀n wọ́n jáde bí ọmọ, wọ́n ń gbá mi lórí. Wọn kò jẹ́ kí n sọ wọ́n kalẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ya òrùlé tó wà láàárín iná àti yàrá Ìyá, tí iná rọlẹ̀, Ìyá ní kí n pọ̀n àwọn padà.

Àwọn yòókù ti kó lọ sí Àrẹ̀mọ. Yàrá Ìyá wà lábẹ́ koríko síbẹ̀, ọyẹ́ ń fẹ́, iná sì tún sọ ní Ọjà'ba lánàá. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí tákàbà wọn pé. Ààfáà àgbà ti wá sọ pé ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu lè lọ parí tákàbà rẹ̀ níbòmíràn. Ìyá ní àwọn gbọ́, àwọn kò lọ. Ẹnu ọ̀nà wọn ni mò ń sùn, pẹ̀lú ìkòkò omi mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín ló so wọ́n mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ Bàbá, kí ẹ tó lọ wọ rélùwéè, ẹ dúró níwájú gbogbo ilé, ẹ ní, "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí aráyé fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ má fẹsẹ̀ kan ìta títí n ó fi dé." Ẹ̀yin ni àkọ́bí wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá tú u. Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí ẹ wá, ẹ fi fìlà yín ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n jáde, kí wọ́n lè gbà pé ẹ̀yin ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo ń rí ohun tó ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé. Yóò ṣọ́ yín fún wa, yóò ṣọ́ Ìyá fún gbogbo wa.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ ìyá yín,
Kúbúrá.

Àfikún: Tíṣà dúró síta, wọ́n ka ìwé yìí sí Ìyá létí. Ìyá ní kí n kí yín, kí ọkàn yín balẹ̀. Wọ́n ní orí ẹ̀yìn mi ni àwọn wà lọ́jọ́ iná, ní àlọ àti àbọ̀: ẹsẹ̀ àwọn kò kan ìta.