Ẹ̀rọ Afúnnilápá Tí O Fi Ránṣẹ́ láti Warri

Ìdí-Àgbọn, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Jádesọ́lá ọmọ mi, ọmọ tí mo bí tí mo fi ń yangàn,

Báwo ni iṣẹ́ olùkọ́, báwo ni ooru, báwo ni gbogbo ará Okumagba Layout tó o wà láàárín wọn? Ọlọ́run tó mú ẹ dé ibẹ̀ kò ní gbójú kúrò lára ẹ. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bí ìbejì, òrùlé ilé ìdáná ń jò, Akíndúró tó múlé tì wá sì ń yí rédíò rẹ̀ sókè bíi pé gbogbo abúlé ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Bùsàrí awakọ̀ gbé ẹ̀rọ tó o fi rán an dé láyọ̀. Ó ní o ní kí a máa fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ wò, torí o gbọ́ pé ó ń sunkún nítorí ìbọn tí wọ́n ń yìn ní Warri. Ó fi bí wọ́n ṣe ń wé aṣọ rẹ̀ mọ́ apá hàn wá, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì sáré lọ torí èrò ti kún ọkọ̀ rẹ̀. Kò sọ ìtumọ̀ nọ́ńbà kankan fún wa. Ohun tó fa wàhálà nìyẹn o, kì í ṣe àìlọ́gbọ́n bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ wé e mọ́ lápá. Ẹ̀rọ náà kùn bí agbọ́n, ó wú, ó sì fún un títí ìyá rẹ fi béèrè pé kí lòun jí tí wọ́n fi ń mú òun báyìí. Lẹ́yìn náà ló gbé méjìdínlọ́gọ́fà jáde. Mo kí i pẹ̀lẹ́. Èmi náà wé e, orí apá agbádá mi ni mo wé e lé, torí mo fẹ́ múra dáadáa fún ohun tó ti Warri wá. Mẹ́wàá dín nígba ni tèmi. Jádesọ́lá, inú mi dùn. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé, n kò gba máàkì tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo pe Akíndúró kó wá dán an wò, ó gba ọgọ́jọ, ó bínú, ó ní ẹ̀rọ náà ń ṣojúsàájú torí ilé mi ló wà. Ọjọ́ kejì, ó jẹ obì wá, ó ní òun fẹ́ lé mi bá, ó sì gba ọgọ́sàn-án lóòótọ́. Ìyá rẹ nìkan ló dúró sójú kan. Mo ki ẹran ńlá sínú ọbẹ̀ rẹ̀, mo sì sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo orí ni ìwé máa ń wọ̀.

Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pátápátá ló dá ìjà sílẹ̀. Tèmi jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rin, tó sún mọ́ ọjọ́ orí mi, ni mo bá mọ̀ pé iye ọdún èèyàn ló ń kọ síbẹ̀. Ó kọ méjìléláàádọ́rin fún ìyá rẹ, òun tó ti ń sọ ọgọ́ta fún wa láti ọjọ́ yìí. Mo bi í léèrè jẹ́jẹ́. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ kúrò níwájú mi kí n tó jẹun tán.

Ìgbà tí Nọ́ọ̀sì Lucy, ọmọ Effurun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri yín, tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn kékeré wa, wá fún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ ni mo gbé ẹ̀rọ jáde, mo sọ fún un pé èmi ni mo gbapò kìíní ní abúlé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ tọ̀, kí n bọ́ agbádá, kí n fẹ̀yìn ti àga, kí n fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí n gbé apá lé tábìlì kó ṣe déédéé pẹ̀lú àyà mi, kí n sinmi díẹ̀, kí n sì pa ẹnu mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló nira jù. Ó ní kí Akíndúró pa rédíò. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó di àádọ́sàn-án. Mo béèrè ibi tí máàkì mi tó kù wọlé sí. Ó fi èdè Warri yín dá mi lóhùn pé, Papa, na you dey sick, no be Mama, pé èmi gan-an ni aláìsàn, kì í ṣe ìyá rẹ. Ó ní nínú ìdánwò yìí, ẹni tí tiẹ̀ kéré ló yege, pé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn sì jẹ́ iye ìgbà tí ọkàn ń lù, kò kan ọjọ́ orí. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá bi mí pé kí ló wà lọ́kàn mi. Mo ní kò sí nǹkan kan, ọkùnrin kì í bẹ̀rù. Ni ìyá rẹ bá ní òun ń sunkún lóòótọ́, àmọ́ tí òun bá ti sun ún tán, òun á jẹun, òun á sùn. Ó ní èmi tí mò ń sọ fáráyé pé Warri ti rọlẹ̀, àárọ̀ kùtù ni mo máa ń lọ sí gáréèjì, tí mo máa ń dá gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Benin dúró, tí mo ń béèrè bóyá wọ́n rí obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń lo awò ojú. Ó ní mo bi ọkọ̀ tó kó màlúù pàápàá. Mo ní mo kàn lọ kí àwọn awakọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì wolẹ̀, ó ní ìyá òun wà ní Effurun, pé òun náà máa ń bi àwọn awakọ̀.

Mo ti ń lo oògùn tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn báyìí, lójoojúmọ́, kì í ṣe ìgbà tí orí bá ń fọ́ mi nìkan. Wọ́n ti dín iyọ̀ mi kù, ọbẹ̀ wá dà bí omi òjò. Akíndúró náà ti gba oògùn tiẹ̀, a sì tún ń bára wa díje, lọ́tẹ̀ yìí nípa ta ni tiẹ̀ máa kéré jù.

Jọ̀ọ́, bá wa ra aṣọ apá tó tóbi fún ìyá rẹ, torí èyí máa ń já fàà tí ẹ̀rọ bá wú, nọ́ọ̀sì sì ní aṣọ tó bá fún jù máa ń bu nọ́ńbà kún nọ́ńbà. Ó ní tẹ́ẹ̀pù ni kí wọ́n fi wọn apá kí wọ́n tó rà á, kó o má sì ra èyí tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn ọwọ́. Fi owó bátìrì àti ti oògùn sí i, àti ti páànù ilé ìdáná tí ọwọ́ rẹ bá gbà á.

N kò ní kó o sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n máa pe fóònù ìyàwó Bùsàrí, bí kò bá tilẹ̀ sí ìròyìn. Má kàn sọ pé àlàáfíà lo wà kó o sì pa á. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ pẹ́ díẹ̀, torí ó wà lára oògùn mi. Nọ́ọ̀sì kò sọ èyí, èmi ni mo fi kún un.

Ìbọn kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ariwo tó bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, ẹ̀yìn rẹ ni yóò ti ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó o fi lọ ni wàá fi bọ̀, wàá bá wa láyé, wàá sì bá wa láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dúrótoyè.