Ta Ló Ń Fọwọ́ Kan Orí Ọmọ Mi?

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Abẹ́rẹ́ tún họ orí títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. (Abẹ́rẹ́ ni mò ń pe ọmọbìnrin mi nínú ìwé yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú.) Ìpẹ́pẹ́ funfun ń já bọ́ sí èjìká aṣọ rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Mo gbọ̀n ọ́n nù, òmíràn bọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ìyá rẹ̀ ti lọ fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ olóṣù mẹ́ta — tó bá dé tó bá orí ọmọ báyìí, kí ni mo fẹ́ sọ?
Mo ra ọṣẹ olómi apakòkòrò, ìgò ńlá, aláwọ̀ ewé. Omi gbígbóná, fífọ̀ láràárọ̀. Ìdọ̀tí ò ní ríbi dúró sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo fọ̀ ọ́. Ó sunkún, ó ní ó ń ta òun. Mo ní tó bá ń ta, á jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́rú, 5
Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá orí ọmọ tó ń dán. Òróró! Mo bi Adájọ́. (Ìyá ìyàwó mi. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti lọ, kó lè máa mú Abẹ́rẹ́ bọ̀ láti ilé ìwé. Kì í pariwo. Á kàn wò ọ́, o sì ti jẹ̀bi.) Ó ní òun lòun fi pa á lórí, pé awọ orí ọmọ náà ti gbẹ jù. Mo ní, "Màámi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀." Mo gbé Abẹ́rẹ́ lọ sí balùwẹ̀, mo fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ̀ẹ̀mẹta. Igbe. Adájọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó ní: "Ọmọ mi, omi tó ò ń lò yẹn gbóná. Fífọ̀ yẹn náà sì ti pọ̀ jù."
Kí ló kàn án nínú omi mi?

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Orí ò sàn. Ó tún wá ń yún un sí i.
Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n wá àṣìṣe ibẹ̀. Ọdún mọ́kànlá. Lẹ́tà kan ò lè ṣìnà kójú mi má kàn án. Ìyẹn ni mo ṣe rí i lónìí: láàárọ̀, rọ́bà pupa ni mo fi so irun rẹ̀ lápá òsì, aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Nírọ̀lẹ́, pupa ti wà lọ́tùn-ún.
Ẹnìkan tú irun ọmọ mi, ó sì tún un so.
Mo bi Abẹ́rẹ́. "Kò sí nǹkan kan, Dádì." Ilẹ̀ ló ń wò. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo gbóòórùn ìrọ̀rí rẹ̀. Òórùn kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ọṣẹ mi. Ó fẹ́ dùn. Mi ò mọ̀ ọ́n.
Adájọ́ ń kọrin jẹ́jẹ́ nídìí fèrèsé. Inú kí ló ń dùn sí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo sọ ọ́ fún Aláriwo níbi iṣẹ́ (òun ló ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, ohùn rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ). Ó pa ẹ̀rọ kó lè gbọ́ mi dáadáa. Ó ní irun ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ré tán pátápátá, àṣé ẹnìkan nínú ilé ló ń fi ìpara kan pa á lórí, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo ní ta lẹni náà? Ó wò mí títí. "Àwọn tó sún mọ́ ọmọ jù ni kó o máa ṣọ́."
Lẹ́yìn ìyẹn mi ò lè ka ojú ìwé kan dáadáa. Ìwé ìṣirò àwọn ọmọdé ló wà níwájú mi. Mo jẹ́ kí méje àti mẹ́jọ di mẹ́rìndínlógún, mo sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ló rí i. Ojú tì mí.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo kúrò níbi iṣẹ́ ní agogo méjì. Mo parọ́ pé inú ń run mí. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn wà ní títì. Mo gbọ́ ẹ̀rín Abẹ́rẹ́ — ẹ̀rín! — lẹ́yìn náà ohùn Adájọ́: "Jókòó dáadáa, kó tó dé."
Kó tó dé. Èmi nìyẹn.
Mo kanlẹ̀kùn. Ìgò dún gbọngan. Nígbà tí wọ́n ṣí i, àwọn méjèèjì jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, rọ́bà kan ṣì wà láàárín eyín Adájọ́. Mo ní, "Màámi, ẹ kúulé o." Ó yọ rọ́bà lẹ́nu. "O tètè dé lónìí."


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.
Adájọ́ lọ ra búrẹ́dì, Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn. Mo ṣí àpò ìyá ìyàwó mi. Aṣọ tí wọ́n ká dáadáa. Ìwé àdúrà. Ìbọ̀sẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìgò kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ wé lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Mo ṣí i. Òórùn inú ìrọ̀rí yẹn gan-an ni.
Bí mo ṣe gbójú sókè, òun rèé lẹ́nu ọ̀nà, búrẹ́dì lábíyá, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.
Ó ní: "Ẹ wò ó dáadáa, sà."
Láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, "ìwọ" ni, "ọmọ mi" ni. Lónìí mo di "ẹ". Mo di "sà".
Mo bi í pé kí ló wà nínú ìgò. Òróró àgbọn, ó ní. Mo ní kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń fi í pamọ́, Màámi? Ó ní, "Ọmọ yín ló ní ká fi pamọ́." Mo ní ọmọ ọdún mẹ́fà wo ló ń ronú bẹ́ẹ̀? Abẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. Mo gbé ìgò náà jáde, mo da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ó ti lọ. Ó gbá yàrá ẹ̀yìn kó tó lọ.

Ọjọ́ Ajé, 17
Ọkàn mi balẹ̀ báyìí. Kò tún sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan orí ọmọ mi àfi èmi. Mo ti sọ fífọ̀ di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí oró òróró yẹn lè tètè jáde. Tíṣà gbà kí Abẹ́rẹ́ máa dúró sí kíláàsì títí n ó fi dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Ó ń họ ọ́ lójú oorun.

Ọjọ́rú, 19
Ẹ̀jẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Awọ iwájú orí rẹ̀ ti là.
Tíṣà fi lẹ́tà rán an sí mi: kí n má gbé e wá mọ́ títí wọn ó fi rí i nílé ìwòsàn. Àwọn òbí kan ń ráhùn pé á ran ọmọ àwọn.
Òróró yẹn ni. Mo mọ̀. Oró rẹ̀ ló ń jáde.

Ọjọ́bọ̀, 20
Ilé ìwòsàn.
Nọ́ọ̀sì kan, àgbàlagbà, awò ojú rẹ̀ wà létí imú. Kó tó wọ ìbọ̀wọ́ tán ni mo ti ń rojọ́. Mo ní ẹnìkan ti ń fi nǹkan pa ọmọ mi lórí ní kọ̀rọ̀. Ó tan iná sí orí Abẹ́rẹ́, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Ó ní kì í ṣe làpálàpá, kò sì sí iná orí. Awọ orí tó gbẹ lásán ni, àmọ́ nǹkan líle kan ti ń jó o. Kí la fi ń fọ̀ ọ́?
Mo gbé ìgò ọṣẹ mi jáde. Mo ti mú un dání láti ilé, mo tiẹ̀ ń yangàn pé mo múra sílẹ̀. Ó yí i, ó nà án padà sí mi. "Ẹ bá mi ka ẹ̀yìn ẹ̀, sà. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."
Mo kà á sókè. Fún ilẹ̀ àti ògiri balùwẹ̀. Ìdérí kan sí omi garawa kan. Ẹ má jẹ́ kó kan ara.
Èmi tí mò ń ka ìwé jẹun. Ó lé lọ́sẹ̀ méjì, mi ò yí ìgò náà wẹ̀yìn rí.
"Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?" Mo sọ fún un. Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó ká irun tó wà lẹ́yìn orí sókè. "Ibí nìkan ló ṣì dáa díẹ̀. Ta ló tọ́jú ibí?" Èmi náà wò ó. Lóòótọ́, nísàlẹ̀, níbi tí irun máa ń bò, awọ rẹ̀ ṣì rọ̀, ìpẹ́pẹ́ ibẹ̀ ò tó nǹkan. Mi ò tíì wo ibẹ̀ rí.
Abẹ́rẹ́ ló dáhùn. "Màmá àgbà ni. Wọ́n fẹ́ fi pa gbogbo ẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi síbi tí Dádì ò ní rí. Tí Dádì bá rí i, wọ́n á tún fọ̀ ọ́."
Nọ́ọ̀sì ò wò mí. Mo mọ̀ pé ó ń ṣàánú mi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọṣẹ ọmọdé. Òróró díẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà tún ní mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
A lọ sílé Màámi. Mi ò ní pè wọ́n ní Adájọ́ mọ́.
Abẹ́rẹ́ ti sáré wọlé kí n tó kanlẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì, mo sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì wí, mi ò yọ ọ̀kan sílẹ̀, títí kan ẹ̀yìn ìgò. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, sà. Ilẹ̀ tutù." Wọn ò ní bá mi padà, wọ́n ní oorun ò lè dùn mọ́ àwọn nínú yàrá yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ dúró ti àwọn títí ìyá ẹ̀ á fi dé. Mo ní ó dáa, mà.
Ìyàwó mi pè nírọ̀lẹ́. Mo jẹ́wọ́ kó tó bèèrè. Lẹ́yìn náà ló ní Màámi ti pe òun láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá: wọ́n ní ẹsẹ̀ ló ń dun àwọn, ni àwọn ṣe lọ sílé, wọ́n ní kóun fọkàn balẹ̀, pé ọkọ òun ń tọ́jú ọmọ gan-an ni.
Ó ní kí n má pe òun lọ́la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29
Abẹ́rẹ́ fi fóònù Màámi pè mí. Ẹnu rẹ̀ ti padà, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Orí ò fi bẹ́ẹ̀ yún òun mọ́. Egbò iwájú ti gbẹ. Màmá àgbà fọ orí òun lónìí, òun ò sunkún rárá. Mo ní mo gbọ́, inú mi dùn. Mo ní ṣé kí n wá mú un lọ́la?
Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ò fẹ́ kó dùn mí:
"Dádì, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sàn tán."