Orúkọ Ọkọ Mi Kò Sí Lára Àwọn Dókítà

Ọkọ mi kì í ṣe dókítà. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́... ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, orí mi ti fẹ́ dàrú.

Ní ìlú wọn, tí kò jìnnà sí Adó níbí, ọjọ́ tí ọmọ bá ti rí admission láti kọ́ṣẹ́ dókítà ni wọ́n ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Dókítà. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ìyá ọkọ mi lára nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní Ọjà Ọba, níbi gbogbo. Ta ló máa wá ní kí ọmọ Ìyá Dókítà mú ìwé ẹ̀rí wá? Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, tí mo máa ń sáré sọ license tíṣà tèmi dọ̀tun, mi ò bi í rí. Mo di Ìyàwó Dókítà, ó sì dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Àbúrò mi obìnrin ló wá lóyún, wọ́n ní ọmọ náà dábùú, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé e. Ọkọ mi ní òun máa ṣe é ní clinic òun lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ àbúrò mi ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wo orúkọ rẹ̀ lára àwọn dókítà tí ìjọba fọwọ́ sí, pé ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú bí mi. Mo ní èmi fúnra mi ni màá wò ó, kí n lè dójú tì í. Mo tẹ orúkọ ọkọ mi... kò sí. Mo fi orúkọ àárín kún un... kò sí. Mo tẹ orúkọ dókítà tó tọ́jú ìyá wa kó tó kú, kíá ló jáde.

Mo bi ọkọ mi, ó fariga, nígbà tó yá ó bú sẹ́kún. Wọ́n lé e kúrò ní yunifásítì lọ́dún kẹrin, kò sì lè sọ fún ìyá rẹ̀, torí orúkọ ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ọ̀dọ̀ dókítà àgbà kan ló ti wo iṣẹ́ náà kọ́. Mo ní ká gbé àbúrò mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, ó ní gbogbo ayé á béèrè ìdí. Ó ní òun ti ṣe irú rẹ̀ rí, kò sẹ́ni tó kú. Ṣé ìyẹn tó? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọn ẹ̀mí èèyàn?

Ẹ má bú mi... mo sọ fún ọkọ àbúrò mi pé mo rí orúkọ náà. Ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀wọ̀n ni fún bàbá àwọn ọmọ mi, ìtìjú á sì pa ìyá rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Láàárọ̀ yìí àbúrò mi pè mí, ó ní ẹ̀rù ò ba òun, ọwọ́ ẹbí lòun wà. Ó ní kí n má ṣe gbàdúrà fún òun, ọkọ mi ni kí n gbàdúrà fún, kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n. Mo ṣe àmín. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọjọ́bọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀... ta ni kí n kọ́kọ́ pè, ẹnu wo sì ni mo máa fi sọ ọ́?