Àpá kajú tó wà lápá ọmọ mi

Irọ́ ni àpá tó wà lápá ọ̀tún ọmọ mi. Èmi bàbá rẹ̀ ni mo ṣe é, mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé wa ní Bẹyẹrunkà, títí kan ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi, nítorí ìmọ̀ràn ni mò ń wá.

Tíṣà ni mí. Èmi ni mò ń mú òǹbupá ìjọba kiri ojúlé wa, tí mò ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n jẹ́ kó bupá fún ọmọ wọn nítorí ilẹ̀ gbígbóná, àrùn tí a kì í dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi fúnra mi... Wọ́n bupá fún àkọ́bí mi ọkùnrin, ní ọjọ́ kẹsàn-án ó kú. Dókítà ní ibà ti wà lára rẹ̀ kí abẹ tó kàn án, pé kì í ṣe bupá ló pa á. Mo gbà á gbọ́, àmọ́ nígbà tó kan àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀, mi ò gbé e lọ síwájú abẹ. Mo fi omi èèpo kóró kajú, tó máa ń jó ara bí iná, kan apá rẹ̀ lójú méjì. Ó bó, ó jiná, ó dá àpá. Mo ní wọ́n ti bu tirẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ta ni yóò yẹ tíṣà wò?

Ọdún méjì kọjá. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú ọyẹ́ tó lọ, Àbẹ̀kẹ́ àti Ráfíù, ọmọ ìyàwó ilé wa kan tó ti gbé e sá fún òǹbupá, jọ jẹun nínú àwo kan, wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan lọ́sàn-án. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohun tí a kì í dárúkọ ti yọ sí Ráfíù lójú àti lápá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta tí wọ́n jọ jẹun, mo sọ fún ìyá Àbẹ̀kẹ́ pé a ń lọ ra aṣọ ní Gbági, mo sì mú ọmọ náà lọ bá òǹbupá ní Òkè Bọ́lá. Ó wo àpá náà, ó wò mí. Ó ní, “Tíṣà, iná ni èyí. Ta lẹ fẹ́ tàn jẹ, èmi àbí àrùn?” Mo ká ọwọ́ òsì ẹ̀wù Àbẹ̀kẹ́ sókè. Ó bu apá òsì, lókè pátápátá níbi tí ẹ̀wù bò, ó ní a ò tíì pẹ́ jù, pé ó ṣì lè yọ sí i, ṣùgbọ́n bó bá yọ, kò ní le bíi ti ẹni tí a kò bu rárá.

Bó ṣe wí ló rí. Ní ọjọ́ kejìlá tí wọ́n jọ jẹun, ara Àbẹ̀kẹ́ gbóná, lẹ́yìn náà ó yọ... mo kà wọ́n, mọ́kàndínlógún péré, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kí wọ́n tó gbẹ, a ti sin Ráfíù, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sunkún, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá mú lọ.

Ṣé kí n máa dúpẹ́? Ohun tí agbo ilé rí ni pé ọmọ tíṣà, tó ti ní àpá bupá láti ọdún méjì, ni ilẹ̀ gbígbóná tún mú. Wọn ò mọ̀ nípa apá òsì, nítorí èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Bàbá wa àgbà ní bupá tíṣà dà bí agbòjò tó ń jò, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fẹnu kò pé òǹbupá kò gbọdọ̀ wọlé wa mọ́. Ọmọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ tí a kò tíì bu. Mo ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Lánàá, ìyá Ráfíù gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wá bá mi. Ohùn rẹ̀ ò ròkè. Ó ní, “Tíṣà wa, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Èyí nìkan ló kù fún mi. Bí òǹbupá bá dé lóṣù tó ń bọ̀, ṣé kí n yọ́ gbé e lọ, àbí irọ́ ni bupá?” Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Kí ni mò ń rò?

Bí mo bá ní kó gbé e lọ, yóò bi mí pé kí ló dé tí ilẹ̀ gbígbóná fi mú Àbẹ̀kẹ́. Bí mo bá sọ òótọ́, ìyàwó mi yóò mọ̀ pé mo fi kajú jó ọmọ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ lè lé mi, àwọn ará ilé yóò ní mo fi ọmọ tèmi pamọ́ nígbà tí mò ń ti tiwọn síwájú abẹ... òótọ́ sì ni. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ìyàwó mi àbí ìyá Ráfíù? Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Mò ń rí ìyá Ráfíù láti ojú fèrèsé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó pọn ọmọ náà, ó ń wo ẹnu ọ̀nà mi.