Ṣópé, Màmá Wa Tó Ṣírò Ẹni Tí Abẹ́rẹ́ Yóò Kọ́kọ́ Kàn

Ọdún 1958 ni a bí màmá wa, tí tẹbí-tọ̀rẹ́ mọ̀ sí Ṣópé, nínú ilé alájà kan tó kọjú sí ibùdókọ̀ ojú irin. Atúnàagoṣe ni bàbá wọn, agbẹ̀bí ni ìyá wọn, àwọn sì ni àbígbẹ̀yìn. Kí wọ́n tó gé búrẹ́dì nílé, ọmọ yìí á ti ka orí gbogbo èèyàn, á ní, "Ṣó pé?" Bí ìnagijẹ náà ṣe lẹ̀ mọ́ wọn bí àtè nìyẹn.

Wọ́n wọ yunifásítì lọ́dún 1976, wọ́n sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò. Lọ́dún 1983, wọ́n fẹ́ bàbá wa, tó jẹ́ aránṣọ. Àwàdà bàbá ni pé oníwọ̀n méjì ló fẹ́ra: ọ̀kan ń wọn aṣọ, èkejì ń wọn àrùn. Ọ́fíìsì ètò ìlera ni màmá ti ń ṣírò bí àrùn ṣe ń ràn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Lọ́dún 2021, abẹ́rẹ́ àjẹsára dé lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn, ṣùgbọ́n kò kárí. Màmá ni ọ́fíìsì ní kí wọ́n ṣírò bí wọn yóò ṣe pín in. Wọ́n kó gbogbo ìlú sínú kọ̀ǹpútà: ta ló ń bá ta pàdé, ta ló ń bá ta pín yàrá, ta ni àrùn náà lè tètè pa. Ọ̀gá àgbà fẹ́ kí ẹni àádọ́rin ọdún sókè nìkan kọ́kọ́ gbà á. Màmá bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé ní àdúgbò tó wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ irin, níbi tí odindi ìdílé ti ń sùn sínú yàrá kan, ẹni àádọ́ta ọdún ni àrùn náà ń pa.

"Ọ̀gá," ni màmá wí nípàdé, "wọn kì í dàgbà tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Tí a bá ní kí wọ́n pé àádọ́rin ọdún, ibojì la máa gbé abẹ́rẹ́ lọ."

Ọ̀gá ní kí wọ́n tún un ṣírò. Ibì kan náà ló já sí, ọ̀gá sì gbà. Àdúgbò náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìwòsàn àti àwọn awakọ̀ èrò ló kọ́kọ́ gbà á.

Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé wa ní atẹ́gùn, ilé ni wọ́n sì ti ń ránṣọ, nítorí náà ìpín kẹta nínú àwọn tó máa gba abẹ́rẹ́ ni wọ́n bọ́ sí. Nídìí oúnjẹ, wọ́n béèrè bóyá orúkọ àwọn lè yọ́ wọ ìpín kìíní.

Màmá dáhùn pé, "Tí mo bá fi yín sí i, ta ni kí n yọ?"

Kó tó kan bàbá, àrùn náà dá wọn gúnlẹ̀. Wọ́n pẹ́ nílé ìwòsàn kí wọ́n tó bọ́, èémí wọn kò sì tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá kò bá màmá sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yípo. Màmá kò wí àwíjàre. Wọ́n ń tọ́jú ọkọ wọn láàárọ̀, wọ́n sì ń lọ síbi iṣẹ́. Ní àdúgbò ẹ̀yìn iléeṣẹ́ irin, ikú dín kù ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, màmá ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìṣirò nínú gbọ̀ngàn àdúgbò. Nínú àdúrà, wọn kì í pẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fo orúkọ ẹnikẹ́ni. Àìsàn ráńpẹ́ ló mú wọn lọ.

Bàbá ni kò jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà pa mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ kọ ọ́ pé mo bínú, inú sì bí mi pẹ́. Ẹ wá kọ ọ́ pé tí wọ́n bá ní kí n tún ìyàwó fẹ́ lónìí, òun náà ni."

Màmá fi bàbá sílẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, káfíńtà àti olùkọ́, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Ẹ sùn ire, màmá wa. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn.