Ojú Tuntun Tí O Rà fún Kọ̀ǹpútà Bàbá Rẹ

Abẹ́rẹ́, ọmọ ọmọ mi,

Èmi ìyá bàbá rẹ ni. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrójú, mo kí ọ kú ìlú ńlá. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí o ṣì rí tín-ínrín bí orúkọ tí bàbá rẹ fi ń pè ọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣubú síbi tí kò sí ẹni tó máa gbé ọ dìde. Ọ̀gá tó ń yọ ọ́ lẹ́nu yẹn, Ọlọ́run yóò gbé e lọ sí ọ́fíìsì mìíràn. Kò ní pa á o, ṣùgbọ́n yóò gbé e jìnnà. Àmín. Ìyá aránṣọ, ará ilé kejì, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó sì ní kí n kí ọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ gẹ́lẹ́ ni kó kọ, kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn tirẹ̀ kún un. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù, òun ló kọ ibẹ̀, má kà á sí.

Ilé kò dára, Abẹ́rẹ́. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, mo gbé ike sábẹ́ rẹ̀. Ológbò tí o fi sílẹ̀ ti kú, ó ti darúgbó, má torí rẹ̀ sunkún. Ní ti bàbá rẹ, mo máa dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ojú kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́, nítorí òun ni o bèèrè lórí fóònù, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti gba ẹnu bàbá rẹ, tó gba apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀, tó wá ṣẹ́ku ìka kan ṣoṣo tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu lọ́wọ́ òsì, kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ ló di ẹnu rẹ̀. Àpótí tó fi ń táípù fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù ní ogún ọdún sẹ́yìn náà ni, nígbà tí wọ́n ṣì ń tò sẹ́nu ọ̀nà kó bá wọn kọ ìwé ìwáṣẹ́. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, èyí tí a ń pè ní Ìṣẹ́jú-Márùn-ún nítorí pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo nǹkan máa ń gbà lẹ́nu rẹ̀, ló bá wa ṣe é kó jẹ́ pé bí iná bá ti wọ inú rẹ̀, ojú ìwé á ṣí fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ á máa fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá aránṣọ á máa kà á fún mi. Á ní kí n tún ìrọ̀rí òun ṣe. Á ní omi ìwẹ̀ ti gbóná jù. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ pé ohùn mi pọ̀ jù láàárọ̀. Mo ní ohùn yẹn náà ni mo fi jí i lọ sí ilé ìwé títí tó fi mọ ìwé tó fi ń bú mi báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi rín in.

Ìgbà tó yá ni ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn rùn gbáú, ó rú èéfín díẹ̀, ó ṣókùnkùn. La bá pè ọ́. O ò wá, o ní wọn ò fún ọ láyè níbi iṣẹ́, o wá ra ojú tuntun fi sínú ọkọ̀. A tú páálí rẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ bí abọ́ pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń gbé ife. Mo bi ìyá aránṣọ pé ìyókù rẹ̀ dà. Ó ní bó ṣe pé nìyẹn. Ó ki wáyà iná rẹ̀ bọ ara ògiri, iná kékeré kan tàn lábẹ́ rẹ̀, inú wa dùn. Àfi ìgbà tó di pé kí a so ó mọ́ àpótí. Ihò tí ẹ̀yìn àpótí ní jẹ́ ihò kéékèèké mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tò ní ìlà mẹ́ta, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kà á. Wáyà tí o fi ránṣẹ́ kò ní eyín kankan, ẹnu pẹlẹbẹ ló ní. Mo tì í, kò wọlé. Mo fi ọṣẹ pa á lẹ́nu, mo tún tì í, kò wọlé.

A ránṣẹ́ pe Ìṣẹ́jú-Márùn-ún. Ó ní òun ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dé lọ́jọ́ karùn-ún. Ó mú wáyà kan wá tó ní eyín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápá kan, tó ní ẹnu pẹlẹbẹ lápá kejì. Méjèèjì wọlé wẹ́rẹ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tuntun yìí dúdú, ó wá kọ ìlà ọ̀rọ̀ kan tó ń rìn kiri láti igun kan dé igun kejì. Ìyá aránṣọ kà á, ó ní ó ń sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Mo ní báwo ni yóò ṣe rí i, nígbà tó jẹ́ pé ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí àpótí? Mo yí i padà kó kọjú sí àpótí dáadáa, mo fi aṣọ tútù nù ún lójú, mo ní kí gbogbo wọn kúrò láàárín. Mo dúró. Nígbà tí mo wò ó, kò tíì rí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú-Márùn-ún bú sẹ́rìn-ín, mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ ló rọ bí ọmọ mi ṣe rọ yìí.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní àpótí yìí ti dàgbà, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ kọ́ ni ojú tuntun ṣe ń gbọ́, èdè wọn yàtọ̀. Ó ní wáyà lásán kàn ń gbé ọ̀rọ̀ kiri ni, kò lè túmọ̀ rẹ̀. Ó ní nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń kì sáàárín àwọn méjèèjì bí ògbufọ̀, tí òun náà ń jẹ iná tirẹ̀, pé òun á rà á bí òun bá lọ sí ìlú. Mo ní ìgbà wo? O mọ ohun tó fi dáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, bàbá rẹ ò dáwọ́ dúró. Bí mo bá ti gbé e sórí àga láàárọ̀, tí mo tẹ súwíìṣì ara ògiri, tí àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́, á gbé ìka sórí bọ́tìnì, á máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò sí ojú kankan níwájú rẹ̀, ògiri ló ń wò, àwòrán rẹ tó wà lára ògiri. Mo bi í bóyá ìwọ ló ń kọ̀wé sí, ó pa ojú dé, ó ṣí i. Bó ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ náà ń wọ inú àpótí bí omi ṣe ń wọ inú ìkòkò, pé bí ògbufọ̀ bá dé, a ó kàn máa bù ú ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o ní sùúrù, nígbà tí a gbé fóònù sí i létí tí o ń sunkún pé kò dá ọ lóhùn, pé ó ṣì ń bínú sí ọ nítorí ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ tí o kúrò nílé, tí o ní iṣẹ́ rẹ̀ ti kú, pé ta ló ń sanwó kí wọ́n bá òun táípù ìwé láyé ìsinsìnyí. Mo ní ìdáhùn rẹ wà nínú àpótí. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, o sì gbà mí gbọ́.

Wàyí o, gbọ́ èyí tí mo ṣe. O mọ̀ mí. Láti ọdún tí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sára iná ti jó ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbà rẹ kanlẹ̀, n kì í fi iná kankan sílẹ̀ di òwúrọ̀ nínú ilé mi. Bí mo bá ti gbé bàbá rẹ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní pálọ̀ nírọ̀lẹ́, mo máa ń lọ káàkiri ni, mo máa pa fáànù, mo máa pa rédíò, mo máa fi àtàǹpàkò tẹ ti kọ̀ǹpútà náà, tọ́, ó parí. Ní ọjọ́ mìíràn, bí mo bá ti na ọwọ́ sí ògiri, bàbá rẹ á máa ké nínú ọ̀fun, á máa fi ìka kan náà lu ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Mo máa gbé ike fún un, kò ní tọ̀. Mo bá a wí. Mo ní àgbà bíi tirẹ̀ ń fi ìyá rẹ̀ ṣeré. Mo sì máa tẹ̀ ẹ́, tọ́.

Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó ń táípù lọ́wọ́ ni orí rẹ̀ dojú kọlẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ló tún padà wá. Èmi àti ìyá aránṣọ fà á sínú ọkọ̀ ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri, a gbé e dé ilé ìwòsàn. A ò ti ilẹ̀kùn, a ò pa nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀. Wọ́n ti dá a padà sílé báyìí. Ìka yẹn ti lọ, Abẹ́rẹ́. Ojú ló kù àti etí. Dókítà ò ṣèlérí nǹkan kan fún mi, ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí a délé gan-an ni Ìṣẹ́jú-Márùn-ún mú ògbufọ̀ wá. Kò tó páálí ìṣáná. Ó ki ògbufọ̀ náà sáàárín wọn, ojú tuntun yìí sì là, ó funfun gbòò, ọ̀rọ̀ wà lójú rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní ó dára, bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó wá a títí, kò rí i. Ó béèrè ẹni tó ń pa kọ̀ǹpútà náà àti bó ṣe ń pa á. Mo nàka sí ògiri, mo fi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ hàn án. Ó mú ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Ó wá ní ohun tí èèyàn bá kọ, tí kò fi pamọ́, iná tó bá lọ ló ń bá a lọ. Ó ní bọ́tìnì méjì ni wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ láti fi í pamọ́, ìka kan ò lè ṣe é, ẹni tí kò rí ojú rẹ̀ ò sì lè fi máòsì ṣe é. Mo bi í pé ibo ni àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó ní wọn ò lọ síbì kankan, Màmá. Mo tún bi í. Ó ní wọn ò sí mọ́ ni.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ mi bá ọ sọ, àtàǹpàkò mi ló pa á, lálaalẹ́, èmi sì ń bá a wí. Má kọ̀wé ìtùnú sí mi. Ìyá aránṣọ ti ń gbìyànjú rẹ̀ láti àná, mo ní kó simi.

Ti ọjọ́bọ̀ nìkan ló kù, nítorí pé lọ́jọ́ yẹn ẹnikẹ́ni ò rántí súwíìṣì, Ọlọ́run ò sì jẹ́ kí iná lọ títí a fi dé. Ìyá aránṣọ wò ó, ó ní lẹ́tà rẹ̀ ti dàrú, òun ò lè kà á. Mo ní kó kà á tàbí kó máa lọ sílé rẹ̀. Ó kà á. Ohun tó wà lókè ni pé, Màámi ẹ má pa á. Ìgbà mọ́kànlá ló kọ ọ́, ìlà lórí ìlà. Mo jẹ́ kó ka mọ́kànlá náà pé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni tìrẹ wà. Ó ní, Abẹ́rẹ́, òótọ́ lo sọ, iṣẹ́ náà ti kú, mo ti mọ̀ kí o tó sọ ọ́. Mi ò bínú sí ọ. Mo ń.

Ibẹ̀ ló parí sí. Mo ń, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣẹ́jú-Márùn-ún ní òun fẹ́ fi í pamọ́, pé ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi pamọ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Mo ní kó kọ Abẹ́rẹ́. Ó tẹ bọ́tìnì méjèèjì. Ó ní ó ti wà níbẹ̀ báyìí, pé mo lè pa kọ̀ǹpútà náà nígbàkigbà tí mo bá fẹ́, kò ní lọ mọ́. Mo gbọ́. Mi ò pa á. Ó wà bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀, ó ń mí bí ẹni tó sùn, iná rẹ̀ ń tàn. Mo kàn gbé korobá omi kan sẹ́nu ọ̀nà ni.

Ibi tí mo máa ń béèrè owó la dé yìí. Mi ò fẹ́ owó. Má ra wáyà, má ra ojú kankan mọ́. Fi owó náà wọ ọkọ̀, kí o ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn méjì bọ̀, ẹsẹ̀ bàbá rẹ ń tutù. Bí ọ̀gá rẹ ò bá fún ọ láyè, dìde níwájú rẹ̀ kí o máa bọ̀. Bí o bá dé, jókòó tì í, kí o máa ka ọ̀rọ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń retí rẹ ni? Mo ń bọ̀ ni? Mo ń lọ ni? Èyí tó bá pa ojú dé sí, òun náà ni. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ni mo ti pè, ó kàn ń wò mí ni. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ tí o máa wọ̀ kò ní dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó máa jókòó tì ọ́ kò ní jẹ́ olè. Ilé tí o ń bọ̀ wá bá, o ò ní bá a lófìfo. Àmín.

Ìyá aránṣọ ní kí n fọwọ́ sí i. O mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Ó ti fi yíǹkì kun àtàǹpàkò mi, mo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ níbí. Òun náà ni.